Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa: Ojú Irin Tóóró Tí Ó Gba Àárín Òkè Wales

Nínú ìtẹ̀jáde wa ti oṣù tó kọjá, a fi àwòrán ọkọ̀ ojú irin kékeré kan hàn, tí ó ń rú èéfín bí ó ti ń fara mọ́ ẹ̀gbẹ́ òkè, a sì kọ ọ́ sí abẹ́ rẹ̀ pé rélùwéè Ffestiniog ní ìhà àríwá ìwọ̀-oòrùn Wales ni. Ohun tí a kọ kò ju bẹ́ẹ̀ lọ, kò sì tó yín rárá. Lẹ́tà bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé láti Manchester títí dé Òṣogbo. Inú èmi tí mò ń bójú tó ojú ewé yìí dùn, nítorí pé mo ti wọ ọkọ̀ náà lẹ́ẹ̀mejì, ó sì ti pẹ́ tí mo ti ń retí ẹni tí yóò bi mí léèrè nípa rẹ̀. Márùn-ún nínú àwọn lẹ́tà náà ni mo dáhùn níhìn-ín.

ÌBÉÈRÈ: Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Nọ́ọ̀sì ni mí ní Manchester. Nígbà tí ilé-ìwé gba ìsinmi, mo kó àwọn ọmọ mi lọ sí Porthmadog, a sì wọ ọkọ̀ tí ẹ tẹ àwòrán rẹ̀ jáde yìí. Bàbá mi àgbà ṣiṣẹ́ ní rélùwéè ní Ẹ̀búté Mẹ́ta, nítorí náà mo mọ bí ojú irin ṣe ń rí láti kékeré. Ṣùgbọ́n èyí tóóró débi pé ọmọ mi ọkùnrin bi mí bóyá ohun ìṣeré ọmọdé ni. N kò rí èsì fún un. Kí ló dé tí wọ́n fi ṣe é tóóró tó bẹ́ẹ̀? – Ìyá Ọlọ́mọ Mẹ́ta, Manchester

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ìtọ́jú àwọn ọmọ, ẹ sì bá mi sọ fún ọmọkùnrin yín pé ìbéèrè gidi ni ó bèèrè. Kì í ṣe ohun ìṣeré. Ẹrù ni wọ́n tìtorí rẹ̀ la ojú irin náà, ẹrù òkúta sì ni.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo bí ó ti fẹ̀ tó. Láti ara irin kan dé èkejì ní Ffestiniog jẹ́ mìlímítà 597. Ojú irin àtijọ́ tí ó ti Èkó lọ sí Òkè Ọya, èyí tí bàbá yín àgbà bá ṣiṣẹ́, jẹ́ mìlímítà 1,067. Èyí tuntun tí ó ń ná Èkó sí Ìbàdàn láti ọdún 2021 jẹ́ mìlímítà 1,435, ìwọ̀n kan náà tí ọ̀pọ̀ rélùwéè ńláńlá ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń lò. Ti Ffestiniog fi díẹ̀ lé ní ìdajì ti bàbá àgbà. Àwa náà kò sì ṣe àjèjì sí ojú irin tóóró: ní ọdún 1902, ọkọ̀ ojú irin kékeré kan bẹ̀rẹ̀ sí í ti Ìddó gba orí afárá Carter wọ Erékùṣù Èkó, ìbú ojú irin tirẹ̀ kò sì ju mìlímítà 762 lọ.

Síléètì ni ó fa ìtóóró ti Ffestiniog. Àwọn àgbà àárín wa yóò rántí síléètì dúdú tí wọ́n fi kọ́ álífábẹ́ẹ̀tì ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Irú òkúta kan náà ni. Ó ṣeé là sí wẹ́wẹ́ pẹlẹbẹ, omi kì í sì í gba inú rẹ̀ kọjá, ìdí nìyẹn tí kò fi sí ohun tí ó dára jù ú lọ fún òrùlé ní ilẹ̀ òjò. Àwọn òkè tí ó yí ìlú Blaenau Ffestiniog ká kún fún un. Nígbà tí iná jó apá ńlá nínú ìlú Hamburg ní Jámánì ní ọdún 1842, síléètì láti àwọn òkè wọ̀nyí wà lára ohun tí wọ́n fi tún orí ilé bò níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n orí òkè ni òkúta wà, etí òkun ni ọkọ̀ tí yóò gbé e wà. Kí ojú irin tó dé, ẹṣin ni ó ń gbé e sọ̀kalẹ̀ lọ sí etí odò Dwyryd. Àwọn ọlọ́kọ̀ ojú omi, tí àwọn ará àdúgbò máa ń pè ní ará Filísínì, á wà á lọ sí ẹnu òkun, ibẹ̀ ni wọn yóò sì ti tún kó o sínú ọkọ̀ ńlá. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá sọ ọ́ kalẹ̀ tí wọ́n tún gbé e rù, díẹ̀ á fọ́, owó á sì lọ. Ní ọdún 1811, William Madocks parí òkìtì ìdènà omi kan tí ó gùn tó máìlì kan, tí wọ́n ń pè ní Cob. Odò tí ìdènà náà darí gba ibòmíràn sì gbẹ́ ilẹ̀ fúnra rẹ̀ títí ó fi di èbúté Porthmadog. Èbúté ti wà, òkúta ti wà, ọ̀nà ni ó kù. Ní ọdún 1832, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní London ṣe òfin tí ó dá ilé-iṣẹ́ rélùwéè Ffestiniog sílẹ̀. Henry Archer, oníṣòwò ará Dublin, ni ó wá owó rẹ̀. Samuel Holland, tí ó ní kúárì síléètì, ni ó ń ta á jí. James Spooner ni ó sì wọn ọ̀nà. Ní oṣù kẹrin ọdún 1836, ó ṣí.

Ìdí tí kò fi lè fẹ̀ nìyí. Ọ̀nà náà, tí gígùn rẹ̀ jẹ́ máìlì 13 àti ààbọ̀, ní láti máa tẹ̀ lé ara òkè bí ejò ṣe ń tẹ̀ lé ẹsẹ̀ ògiri. Bí ojú irin bá fẹ̀, kò lè yí kọ́nà tí ó há. Bí kò bá lè yí i, kí wọ́n fọ́ òkè ni tàbí kí wọ́n kọ́ afárá. Èyí tí ó tóóró ń gba ibi tí òkè bá fi àyè sílẹ̀ sí. Yàtọ̀ sí èyí, kẹ̀kẹ́ ẹrù kéékèèké tí ènìyàn lè fi ọwọ́ tì ni wọ́n ń lò nínú kúárì, wọ́n sì fẹ́ kí kẹ̀kẹ́ kan náà gbé síléètì láti ibi tí wọ́n ti là á títí dé etí ọkọ̀ òkun láìsọ ẹrù kalẹ̀ lójú ọ̀nà. Ẹ sọ fún ọmọ yín pé òkè ni ó wọn aṣọ náà, tí ó sì rán an.

ÌBÉÈRÈ: Olùkọ́ sáyẹ́ǹsì ni mí ní ilé-ìwé gíga kan ní Abẹ́òkúta. Mo kà á pé láti ọdún 1836 títí di 1863, kò sí ẹ̀rọ kankan tí ó ń fa ọkọ̀ lórí ojú irin Ffestiniog, síbẹ̀ ẹrù ń sọ̀kalẹ̀. Mo fẹ́ lò ó fún ẹ̀kọ́ lórí òòfà ilẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, kí ni ó ń mú un rìn, báwo ni wọ́n sì ṣe ń dá a dúró? – Olùkọ́, Abẹ́òkúta

ÌDÁHÙN: Ẹ ṣeun, Olùkọ́. Nínú gbogbo ọ̀rọ̀ rélùwéè yìí, ibi tí ẹ fọwọ́ bà yìí ni mo fẹ́ràn jù lọ, nítorí pé ibẹ̀ ni ọgbọ́n àwọn tí ó ṣe é wà.

Blaenau Ffestiniog fi nǹkan bíi mítà 200 ga ju etí òkun Porthmadog lọ. Iṣẹ́ tí Spooner ṣe ni pé ó pín gíga yẹn sí ara gbogbo ọ̀nà náà, tí ó fi jẹ́ pé nínú ọgọ́rùn-ún mítà tí kẹ̀kẹ́ bá rìn, yóò sọ̀kalẹ̀ ní nǹkan bíi mítà kan. Bí ó bá dagẹ̀rẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹrù á sáré pa ènìyàn, ẹṣin kò sì ní lè fa kẹ̀kẹ́ òfìfo padà sókè. Bí ó bá sì tẹ́jú jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹrù á dúró sójú ọ̀nà. Nítorí ìdàgẹ̀rẹ́ kan yìí ni gbogbo kọ́nà yẹn ṣe wà. Ibi tí àfonífojì bá ti ya wọ inú òkè, ojú irin náà á yà wọ inú rẹ̀, á sì yí po jáde, kí ó má baà pàdánù gíga tí yóò nílò níwájú. Ibi kan ṣoṣo ni ó kọ́kọ́ da ètò yìí rú: òkè Moelwyn dí ọ̀nà, wọ́n sì ń fi okùn gbé kẹ̀kẹ́ gun orí rẹ̀ kọjá. Nígbà tí wọ́n dá ihò gba abẹ́ òkè náà ní ọdún 1842, ó di pé ẹrù lè ti òkè dé ìsàlẹ̀ láìsí ohun tí ó ń fà á.

Ó ń rìn báyìí: wọ́n á so àwọn kẹ̀kẹ́ tí ó kún fún síléètì pọ̀, wọ́n á tú bíréèkì, òòfà ilẹ̀ á sì gba iṣẹ́ lọ́wọ́ wọn. Nígbà tí ó yá, irú ọ̀wọ́ kẹ̀kẹ́ bẹ́ẹ̀ lè tó 80, kí ẹrù rẹ̀ sì lé ní ọgọ́rùn-ún tọ́ọ̀nù, ó kéré tán ọkùnrin méjì ni yóò sì wà lórí rẹ̀ fún bíréèkì. Kì í ṣe gbogbo kẹ̀kẹ́ ni ó ní bíréèkì. Àwọn ọkùnrin wọ̀nyí á máa gba orí síléètì, láti kẹ̀kẹ́ dé kẹ̀kẹ́, bí ọ̀wọ́ náà ti ń sáré, wọ́n á máa di bíréèkì ti ọ̀kan, wọ́n á tú ti èkejì, nínú òjò àti nínú òkùnkùn ihò. Mo dúró sí etí ojú irin yẹn nígbà tí òjò ń rọ̀, mo wo bí síléètì ṣe ń yọ̀, ọ̀wọ̀ àwọn ọkùnrin náà sì wọ̀ mí lára.

Ẹṣin ni ó ń fa kẹ̀kẹ́ òfìfo padà sókè. Ó ń gba ẹṣin ní nǹkan bíi wákàtí mẹ́fà láti gòkè. Ẹrù sì ń sọ̀kalẹ̀ láàárín wákàtí kan àti ààbọ̀. Bí ó bá sì tó àkókò ìsọ̀kalẹ̀, ẹṣin kì í rìn. Wọ́n ṣe kẹ̀kẹ́ kan lọ́tọ̀ fún un, wọ́n á so ó mọ́ ọ̀wọ́ náà, ẹṣin á wọ inú rẹ̀, òòfà ilẹ̀ á sì gbé òun náà lọ sílé bí èrò ọkọ̀.

Ní ọdún 1863, síléètì ti pọ̀ ju ohun tí ẹṣin lè bá, wọ́n sì mú ẹ̀rọ olóoru wọlé láti London, láti ilé-iṣẹ́ George England. Ẹ fi èyí kún ẹ̀kọ́ yín: ẹ̀rọ kò gba iṣẹ́ òòfà ilẹ̀. Kẹ̀kẹ́ òfìfo ni ẹ̀rọ ń fà gòkè. Síléètì ń fi ìwúwo ara rẹ̀ sọ̀kalẹ̀ títí di ọdún 1939, ìyẹn ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́rin lẹ́yìn tí ẹ̀rọ dé. Bí ẹ bá fẹ́ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rí i, ẹ wá pákó tí ó gùn ní mítà méjì, ẹ fi ohun tí ó nípọn ní sẹ̀ǹtímítà méjì gbé ìdí rẹ̀ kan, kí ẹ sì gbé kẹ̀kẹ́ ìṣeré tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń yí geere lé e. Ìdàgẹ̀rẹ́ Ffestiniog nìyẹn. Yóò yà wọ́n lẹ́nu bí ó ti kéré tó.

ÌBÉÈRÈ: Mẹkáníìkì ni mí ní Ìbàdàn. Nínú àwòrán tí ẹ tẹ̀ jáde, mo rí ẹ́ńjìnnì kan tí ó ní ihò èéfín níwájú àti lẹ́yìn, bí ẹni pé wọ́n lẹ ẹ́ńjìnnì méjì pọ̀ ní ìdí. Èwo ni iwájú rẹ̀? Kí sì ni wọ́n ń fi irú rẹ̀ ṣe? – Mẹkáníìkì, Ìbàdàn

ÌDÁHÙN: Ojú yín dá ṣáká. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ rí bẹ́ẹ̀ gan-an. Robert Fairlie, ẹnjiníà ará Scotland, ni ó gba ẹ̀tọ́ sí iṣẹ́ ọnà náà ní ọdún 1864. Lórí ojú irin tóóró, bí ẹ bá fẹ́ agbára púpọ̀, ẹ ní láti mú ẹ̀rọ gùn. Bí ẹ bá sì mú un gùn, kò ní lè yí kọ́nà. Fairlie gbé bọ́ílà méjì kọ ẹ̀yìn sí ara wọn, ó fi ibi ìdáná sáàárín, ó sì gbé gbogbo rẹ̀ ka orí ọ̀wọ́ ẹsẹ̀ méjì tí ọ̀kọ̀ọ̀kan lè yí lọ́tọ̀ bí kọ́nà bá dé. Gbogbo ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́jọ ni agbára ń dé. Nítorí pé ibi ìdáná ni ó gba àárín, awakọ̀ á dúró sí ẹ̀gbẹ́ kan, ẹni tí ń kó èédú sí i á dúró sí ẹ̀gbẹ́ kejì, wọn kì í sì í lè kọjá sọ́dọ̀ ara wọn.

Àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní Ffestiniog, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Little Wonder, dé ní ọdún 1869. Charles Easton Spooner, ọmọ James, ni ó ń darí rélùwéè náà nígbà yẹn. Ní oṣù kejì ọdún 1870 wọ́n pe àwọn ẹnjiníà láti oríṣiríṣi ilẹ̀ wá wo bí ó ti ń ṣiṣẹ́, ìjọba Rọ́ṣíà sì rán ìgbìmọ̀ tirẹ̀ wá. Lẹ́yìn ìyẹn ni ẹ̀rọ Fairlie bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́ ní Rọ́ṣíà àti Mẹ́síkò. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ ni pé wọ́n ṣì ń ṣe é. Merddin Emrys, tí wọ́n ṣe nínú ọgbà iṣẹ́ rélùwéè náà ní Boston Lodge ní ọdún 1879, ṣì wà níbẹ̀. Inú ọgbà yẹn kan náà ni wọ́n ti ṣe David Lloyd George ní 1992, àti James Spooner, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2023. Ẹ ò rí i pé iṣẹ́ ọwọ́ náà kò kú.

Ní ti iwájú àti ẹ̀yìn, kò ní. Ìdí òkè àti ìdí ìsàlẹ̀ ni àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ ń pè é, nítorí pé ọ̀kan ń kọjú sí Blaenau nígbà gbogbo, èkejì sì ń kọjú sí òkun.

Kí Ìyá Ọlọ́mọ Mẹ́ta tí ó kọ́kọ́ kọ̀wé tún gbọ́ èyí. Ní Porthmadog kan náà ni ojú irin tóóró mìíràn ti bẹ̀rẹ̀, Welsh Highland, tí ó lọ sí Caernarfon ní máìlì 25, tí wọ́n sì parí títún un là ní ọdún 2011. Ẹ̀rọ Garratt, oríṣi mìíràn tí bọ́ílà rẹ̀ wà láàárín ọ̀wọ́ ẹsẹ̀ méjì, ni ó ń fa ọkọ̀ níbẹ̀. Ìlú Manchester yín ni wọ́n ti ṣe díẹ̀ nínú wọn, ní ilé-iṣẹ́ Beyer, Peacock. South Africa ni wọ́n ti fi gbogbo ìgbà èwe wọn ṣiṣẹ́ kí wọ́n tó wá sí Wales. Rélùwéè Nàìjíríà náà lo ẹ̀rọ Garratt, tiwa sì tóbi ju ìwọ̀nyí lọ. Ó ṣeé ṣe kí bàbá àgbà mọ̀ wọ́n.

ÌBÉÈRÈ: Ọdún tí mo lò ní rélùwéè lé ní ọgbọ̀n kí n tó fẹ̀yìn tì. Mo ti rí ojú irin tí koríko bò mọ́lẹ̀, mo sì ti rí èyí tí àwọn ènìyàn ń yọ irin rẹ̀ lóru. Ọmọ mi kan tí ó wà lókè òkun ní kí n máà sunkún, pé ti Wales yìí náà kú rí, ó sì jí. Ta ni ó jí i? Ṣé ìjọba ni, àbí olówó kan? – Bàbá Afẹ̀yìntì, Òṣogbo

ÌDÁHÙN: Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ àná, ẹ ó sì pẹ́ fún wa. Òótọ́ ni ọmọ yín sọ. Ó kú. Ogun ni ó dá gbígbé èrò dúró ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1939; síléètì ṣì ń rìn díẹ̀díẹ̀ títí di ọjọ́ kìíní oṣù kẹjọ ọdún 1946, nígbà tí wọ́n ti gbogbo rẹ̀ pa. Òrùlé alámọ̀ àti páànù ti gba ọjà mọ́ síléètì lọ́wọ́, mọ́tò sì ti gba èyí tí ó kù.

Ohun tí ó kọ́kọ́ gbà á sílẹ̀ jẹ́ ohun tí ẹnikẹ́ni kò rò. Òfin ọdún 1832 sọ bí wọn yóò ṣe la ojú irin náà, kò sọ bí wọn yóò ṣe wó o. Láti hú irin rẹ̀, wọ́n ní láti padà sí ilé aṣòfin lọ gba òfin mìíràn, ilé-iṣẹ́ náà kò sì ní owó irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀. Nítorí náà wọ́n fi í sílẹ̀ bí ó ti wà. Apá díẹ̀ ní Blaenau nìkan ni àwọn oníkúárì ń lò. Ẹ̀gún hù bo ìyókù, igi hù láàárín irin méjèèjì, ẹ̀rọ ń dógùn-ún ní Boston Lodge. Ṣùgbọ́n irin wà níbẹ̀, Bàbá. Ìyẹn ni ìyàtọ̀ tí ó dùn mí jù nígbà tí mo ka lẹ́tà yín: koríko kì í pa ojú irin, ẹni tí ó yọ irin rẹ̀ tà ni ó ń pa á.

Ní ọdún 1951, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí kò ju ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún lọ, Leonard Heath Humphrys, pe ìpàdé ní Bristol fún ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ gba rélùwéè náà là. Ọ̀rọ̀ ilé-iṣẹ́ tí ó jẹ gbèsè ju ohun tí ìpàdé lè yanjú lọ, ibẹ̀ sì ni oníṣòwò kan, Alan Pegler, ti wọlé. Ní ọdún 1954 ó ra agbára ìdarí ilé-iṣẹ́ náà, kò sì fi ṣe tara rẹ̀: ó gbé ìpín náà fún àjọ kan tí yóò máa tọ́jú rẹ̀ fún gbogbo ènìyàn. Ní ọjọ́ 23 oṣù keje ọdún 1955, ọkọ̀ tún gbé èrò kọjá lórí Cob, máìlì kan péré. Láìpẹ́, Prince, ẹ̀rọ kékeré kan tí ó ti wà níbẹ̀ láti àwọn ọdún 1860, tún bẹ̀rẹ̀ sí í fà á.

Ẹ fojú inú wo ohun tí ó kù níwájú wọn. Máìlì méjìlá ó lé ni ẹ̀gún ṣì bò. Wọ́n dé Tan-y-Bwlch, ibùdókọ̀ kan lójú ọ̀nà náà, ní ọdún 1958. Lójú ọ̀nà yẹn ni ìjàǹbá ńlá ti bá wọn, nítorí pé àjọ ìjọba tí ń pèsè iná mànàmáná ti gbẹ́ adágún omi fún ẹ̀rọ iná tuntun ní Tanygrisiau, ó sì tẹ apá kan ojú irin náà rì. Ọ̀pọ̀ ẹlòmíràn ì bá pa ọwọ́ pọ̀ níbẹ̀. Wọ́n gbé ẹjọ́ lọ, ẹjọ́ náà sì gba ọdún púpọ̀. Ọdún 1972 ni wọ́n tó rí owó gbà-má-bínú. Ṣùgbọ́n wọn kò dúró de owó. Láti oṣù kìíní ọdún 1965 ni wọ́n ti kó ṣọ́bìrì lọ sí Dduallt, ibi tí títì mọ́tò kò dé, tí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í la ojú ọ̀nà mìíràn gba òkè adágún náà. Ẹni tí ó ṣe iṣẹ́ yìí jù lọ ni àwọn tí kò gba owó: wọ́n ń ti ọ̀nà jíjìn wá ní òpin ọ̀sẹ̀ àti ní àkókò ìsinmi wọn, wọ́n ń fọ́ àpáta, wọ́n ń kó o, wọ́n sì ń padà sẹ́nu iṣẹ́ oòjọ́ wọn ní ọjọ́ Ajé.

Bí ojú irin tuntun yóò ṣe ga ju adágún lọ ni ìṣòro. Ohun tí wọ́n ṣe ni pé ní Dduallt, ojú irin náà yí po, ó ń gòkè bí ó ti ń yí, títí ó fi gba orí ara rẹ̀ kọjá, bí okùn tí ènìyàn ká sílẹ̀. Kò sí rélùwéè mìíràn tí ó ń gbé èrò ní Britain tí ó ní irú rẹ̀. Wọ́n tún dá ihò tuntun gba inú Moelwyn láàárín 1975 sí 1977. Àwọn awakùsà láti Cornwall ni wọ́n gbé iṣẹ́ náà fún. Ọkọ̀ dé Tanygrisiau ní 1978. Ní ọjọ́ 25 oṣù karùn-ún ọdún 1982, ó wọ Blaenau Ffestiniog.

Láti 1955 sí 1982 jẹ́ ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n. Àwọn kan tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yẹn ní ọ̀dọ́ ti ń hu ewú kí ó tó parí. Nítorí náà, bí ẹ bá bi mí léèrè ẹni tí ó jí i, èmi yóò sọ pé àwọn tí ó gbà láti pẹ́ lórí rẹ̀ ni. Ilé-iṣẹ́ ọdún 1832 yẹn gan-an ni ó ṣì ni í, kò sì sí ilé-iṣẹ́ rélùwéè tí ó ṣì ń wa ọkọ̀ lónìí tí ó dàgbà jù ú lọ ní gbogbo ayé. Ní ọdún 2021, UNESCO kọ ilẹ̀ síléètì àríwá ìwọ̀-oòrùn Wales sí ara ohun ìní gbogbo ayé, rélùwéè náà sì wà nínú rẹ̀.

Nílé níbí náà, Bàbá, ẹgbẹ́ Legacy 1995 ti tún Ilé Jaekel ṣe nínú ọgbà rélùwéè ní Ẹ̀búté Mẹ́ta, wọ́n sì kó ohun ìrántí rélùwéè wa síbẹ̀. Bí ẹ bá ní fìtílà, aṣọ iṣẹ́ tàbí àwòrán àtijọ́ lọ́wọ́, ẹ má ṣe jẹ́ kí àwọn ọmọ dà á nù. Bí ẹ bá sì fẹ́ kọ ohun tí ẹ rántí ránṣẹ́, ojú ewé yìí wà fún un.

ÌBÉÈRÈ: Ìyá ọkọ mi ń bọ̀ láti Ìjẹ̀bú-Òde nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, mo sì fẹ́ mú wọn lọ wọ ọkọ̀ yìí. Láti Leeds, báwo ni kí a ṣe gbà á? Báwo ni wọ́n sì ṣe ń pe orúkọ náà? – Ìyàwó Ilé, Leeds

ÌDÁHÙN: Ẹ kú oríire àlejò. Bí ìyá bá lè fara da ọkọ̀ ojú irin, ẹ gba Manchester dé Llandudno Junction, kí ẹ sì wọ ọkọ̀ kékeré tí ó gba àfonífojì Conwy gòkè lọ sí Blaenau Ffestiniog. Inú ibùdókọ̀ kan náà ni ọkọ̀ ojú irin tóóró ti ń gbéra níbẹ̀, nítorí náà ìyá kò ní rìn púpọ̀. Láti ibẹ̀ dé Porthmadog lé ní wákàtí kan. Ọkọ̀ kì í rìn lójoojúmọ́ ní ìgbà òtútù, ṣùgbọ́n ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn tí ẹ mú yẹn dára, kí ẹ kàn tètè ra tíkẹ́ẹ̀tì sílẹ̀.

Ffestiniog ni a ń pè bí ẹni pé F kan ṣoṣo ni ó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, a sì ń tẹ ohùn mọ́ “tin” àárín rẹ̀. Ní èdè Wales, F méjì ni ó ń dún bí F tiwa. F kan ń dún bí V. Àwọn tí ó kọ òfin 1832 fi F kan ṣoṣo sí i, irú ohun tí ó máa ń ṣe orúkọ tiwa náà bí akọ̀wé bá gbàgbé àmì sí abẹ́ Ṣ. Èdè Wales ni ẹ ó gbọ́ lẹ́nu àwọn ará Blaenau àti Porthmadog, òun náà ni wọ́n sì kọ sára ibùdókọ̀. Inú mi dùn sí i púpọ̀.

Blaenau kò ní kọ́kọ́ wu ìyá. Àfọ́kù síléètì gíga bí òkè ni ó yí ìlú náà ká, àní nígbà tí wọ́n ń ya ọgbà ìtura ìjọba Eryri sọ́tọ̀ ní ọdún 1951, wọ́n yọ ìlú náà sílẹ̀ láàárín rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n wò ó dáadáa, kí ẹ sì sọ fún wọn pé àwọn òkìtì yẹn ni ohun tí ó kù lẹ́yìn òrùlé ìlú ńláńlá. Bí ẹ bá ń sọ̀kalẹ̀, ẹ jókòó sí apá òsì, níhà ibẹ̀ ni àfonífojì wà. Ẹ ó kọ́kọ́ gba ojú ọ̀nà tuntun lókè adágún, ẹ ó wọ ihò, ẹ ó yí po ní Dduallt. Láti ibẹ̀ ni kí ẹ ti ní kí àwọn ọmọdé dákẹ́ díẹ̀, kí ìyá lè gbọ́ ọ: ẹ̀rọ kò ní mí gúlegúle mọ́, ìró ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ lára irin nìkan ni yóò kù, nítorí pé ìdàgẹ̀rẹ́ tí Spooner wọ̀n ni yóò máa gbé yín lọ títí dé etí òkun. Ẹ dúró mu tíì ní Tan-y-Bwlch bí àyè bá wà. Kí ẹ sì mú ẹ̀wù òjò dání fún ìyá, ẹ̀ẹ̀rùn yòówù kí ó jẹ́, nítorí pé òjò Blaenau kì í wo kàlẹ́ńdà.